Bàbá Ní Òun Jẹ̀bi, Kò Ní Òun Jalè

Ní ọdún 2022, nígbà tí ASUU fi oṣù mẹ́jọ da iṣẹ́ sílẹ̀, kálukú wa gba ilé lọ. Àwọn kan kọ́ṣẹ́ télọ̀, àwọn kan ń ta dátà, àwọn kan ń sùn. Èmi di ẹni tí ń fi ọ̀kadà gbé Bàbá lọ sí kóòtù. Àbúrò bàbá tó bí bàbá mi ni Bàbá yìí. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì wọ inú kóòtù rí láyé rẹ̀.

Ẹjọ́ náà kò le. Ọ̀pẹ bíi mélòó kan wà lẹ́bàá oko wa ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, bàbá tó bí Bàbá ló tọ́jú wọn dàgbà. Nígbà tó yá, ẹnìkan ra ilẹ̀ tó yí àwọn ọ̀pẹ náà ká lọ́wọ́ ẹbí mìíràn, ó sì gbin kaṣú sí i. Bàbá kò bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyìn pọ́n, ó lọ kọ ẹyìn bó ṣe ń kọ ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Ní tirẹ̀, ẹni tó ra ilẹ̀ kò ra ọ̀pẹ. Ọkùnrin oníkaṣú gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, kò sì pẹ́ tí Bàbá fi dé iwájú májísíréètì. Kò sí lọ́yà lẹ́yìn wa.

Akọ̀wé kóòtù ka ẹ̀sùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á bí ẹni ń sáré bọ́ lọ́wọ́ òjò. Èmi tí mo wà ní yunifásítì gan-an, ìdajì ni mo gbọ́. Bó ti kà á tán, akọ̀wé kan náà yí padà, ó di ògbufọ̀. Ó ní, “Bàbá, wọ́n ní ẹ wọ oko olóko, ẹ sì jí ẹyìn kọ. Ṣé ẹ jẹ̀bi àbí ẹ ò jẹ̀bi?”

Bàbá ṣí fìlà. Ó tẹríba fún adájọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, ó ní, “Ẹ̀bi mi ni, olúwa mi. Mo jẹ̀bi. Ẹ má bínú.”

Akọ̀wé yíjú sí òkè: “Guilty, Your Worship.”

Ó parí. Wọn kò pe ẹlẹ́rìí kankan. Wọn kò bi í pé ta ló gbin ọ̀pẹ. Ìtanràn ₦25,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. A sáré dá owó jọ. Bí a ti ń jáde, adájọ́ fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ má débẹ̀ mọ́.” Níta, lábẹ́ igi, ọkùnrin oníkaṣú fúnra rẹ̀ sún mọ́ mi, ó bi mí léèrè pé, “Kí ni wọ́n sọ?” Òun tó pẹjọ́ náà kò gbọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ẹbí wa gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí kóòtù. Lọ́yà tí wọ́n gbà lòdì sí wa yọ bébà kan jáde: Bàbá ti gbà lẹ́nu ara rẹ̀, níwájú ìjọba, pé òun wọ oko olóko láti jalè. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ títí di òní.

N kò ní dárúkọ kóòtù náà, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni èyí: nínú yàrá yẹn, adájọ́, akọ̀wé, ọlọ́pàá tó ń rojọ́, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́, àti èmi tí mo jókòó lẹ́yìn, Yorùbá ni gbogbo wa. Kò sí ẹnìkan níbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe láǹfààní. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi dá ẹjọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì sọ àgbàlagbà di olè. Mo ní ìwà ìyànjẹ ni, ó sì tó gẹ́ẹ́.

Jẹ̀bi kì í ṣe jẹ́wọ́

Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá, ẹ mọ ohun tí Bàbá ṣe. Bí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ bá jà, tí wọ́n pè yín síwájú ẹbí, “mo jẹ̀bi” ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ní kí o sọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́ ni wọ́n máa wá ní, “Ó dáa, dìde. Sọ bó ṣe jẹ́.” Ẹ̀bi tí o gbà yẹn kò pa àlàyé rẹ. Òun gan-an ló ń ṣí etí àgbà sí i.

Ní kóòtù Gẹ̀ẹ́sì, òdìkejì rẹ̀ ló rí. “Guilty” ni ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Bí o bá ti sọ ọ́, ọlọ́pàá kò ní láti mú ẹ̀rí wá mọ́, àlàyé rẹ kò sì níye lórí àfi bóyá kí wọ́n dín ìtanràn kù. “Not guilty” náà kì í ṣe irọ́ lẹ́nu ẹni tó ṣe nǹkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé, “Ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀sùn kàn mí, ẹ fi hàn.” Ṣùgbọ́n gbé “mi ò jẹ̀bi” síwájú àgbà ní Yorùbá, kí o wo ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé, “Ẹ purọ́ mọ́ mi.” Ẹni tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún adájọ́.

Ẹ wá wò ó. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó yẹ gan-an fún ohun tí kóòtù ń wá: jẹ́wọ́. Ká ní akọ̀wé bi í pé, “Bàbá, ṣé ẹ jẹ́wọ́ pé ọ̀pẹ ẹlòmíràn ni ẹ kọ, tí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe tiyín?” Bàbá ì bá fò sókè: “Ọ̀pẹ ta ni? Ọ̀pẹ bàbá mi ni!” Gbólóhùn yẹn kì í ṣe “guilty” nínú òfin kankan. Ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé tòun ni ohun tí òun mú kò jalè, ọmọ ọdún kejì tó ń ka òfin mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe Yorùbá ló kéré jù fún òfin. Ẹni tó túmọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ kan nígbà tí òmíràn wà nílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì.

“Òfin ti rí sí i”

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka òfin gbọ́ ìtàn yìí, ó ní òfin ti rí sí i. Lóòótọ́, ó ti rí sí i lórí ìwé. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, ní abala 36, ní ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn rẹ̀ ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbẹ́jọ́. Ẹ tún ka gbólóhùn yẹn dáadáa. Wọ́n ti gbà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé èdè kóòtù lè ṣàjèjì sí onílé. Onílé ni wọ́n wá ń fún ní ògbufọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ọdún 1983, nínú ẹjọ́ State v. Gwonto, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ bèèrè nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ń lọ lọ́wọ́, kò lè dúró di kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kó tó ṣàròyé. Mo mọ ìdí rẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí arékérekè fi èdè bojú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi: ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ òun padà sí Gẹ̀ẹ́sì? “Guilty” tí akọ̀wé sọ, Bàbá rò pé ó ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni.

Àgọ́ ọlọ́pàá pàápàá ní ìlànà tó sàn ju èyí lọ. Láti ọdún 1949, nínú ẹjọ́ R v. Ogbuewu, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ní níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni tí wọ́n mú fi sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Bí ìtumọ̀ bá ṣì, a ó rí ọ̀rọ̀ gan-an tọ́ka sí. Bí ọlọ́pàá bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì onígi rẹ̀, kí ló dé tí kóòtù kò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Olùjẹ́jọ́ ní: Ẹ̀bi mi ni, olúwa mi, mo jẹ̀bi, ẹ má bínú”? Ká ní wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Yorùbá èyíkéyìí tó bá ka ìwé náà lónìí máa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. “Guilty” nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹnu Bàbá ti sọnù nínú ẹjọ́ ara rẹ̀.

“Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ òfin”

Èyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí ẹnu àwa tá a kàwé ló ti ń jáde. Ọ̀rẹ́ mi yẹn náà ló ní, “Báwo lo ṣe máa sọ ‘estoppel’ ní Yorùbá?”

Ẹ jẹ́ ká bi í padà: báwo ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe sọ ọ́? Wọn kò sọ ọ́. Faransé ni. Ohun tí àwọn Faransé àtijọ́ fi ń dí ẹnu ìgò ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Wọ́n wo èdídí, wọ́n wo ẹni tí òfin kò jẹ́ kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n ní ọ̀kan náà ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnu tí a fi pe Adégún kọ́ la fi ń pe Adéògún. Ìyá àgbà mi mọ̀ ọ́n láìwọ yunifásítì. “Plaintiff”, “attorney”, “bailiff”, Faransé ni gbogbo wọn. “Mortgage”, Faransé ni, ìdógò tó kú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa tá a ń fi oko dógò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ fún pé a kò ní ọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa ń fi Látìnnì “audi alteram partem” gún ara wọn lẹ́nu kí ìdánwò tó dé. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Kí ló kù níbẹ̀?

Bí ẹ bá sì rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni a kò lè ṣẹ̀dá, ta ló kọ́ wa ní “Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn”? Ẹnu oníròyìn orí rédíò ló ń gbé e káàkiri. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Ìlọ́fà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ohun tí kóòtù náà wà fún: ìdájọ́ kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo ń lọ síwájú. Ẹ wá bi ará London tí kò kàwé pé kí ni “appeal”, kí ẹ wò ó bóyá ó máa tètè dá yín lóhùn.

Àwọn tó ni òfin yìí gan-an ti jẹ ìyà tí à ń jẹ. Lẹ́yìn tí àwọn Norman ti ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, Faransé di èdè àwọn alágbára, ó sì di èdè kóòtù. Àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa dúró níwájú adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì máa fi Faransé rojọ́ lé e lórí. Ní ọdún 1362, lábẹ́ Ọba Edward Kẹta, ilé ìgbìmọ̀ wọn ní ó tó gẹ́ẹ́: àwọn ènìyàn kò gbọ́ Faransé, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún wọn tàbí lòdì sí wọn, nítorí náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa rojọ́. Faransé ni wọ́n fi kọ òfin yẹn fúnra rẹ̀! Wọ́n sì ní Látìnnì ni kí wọ́n máa fi ṣe àkọsílẹ̀. Àwọn lọ́yà kò fẹ́, wọ́n fà á títí. Ó di 1733 kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba gbogbo kóòtù wọn tán, ẹnu àti ìwé. Àwọn kan sọ nígbà náà pé Gẹ̀ẹ́sì kò péye tó fún òfin. Orin yẹn kò ṣàjèjì sí yín, àbí? Títí di 1999 ni wọ́n ṣì ń gbá ilé. Ní ọdún yẹn ni wọ́n lé “plaintiff” kúrò nínú ìwé ìlànà wọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rọ̀ tó yé ará ìlú rọ́pò rẹ̀. Àwa ṣì gbá a mọ́ra bí ohun ìní bàbá wa.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, wọ́n fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja, wọ́n ní ìjọba Àríwá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Agbègbè wa bọ́ sábẹ́ Ìlọrin nínú ìjọba náà. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé tó ń sọ nípa àwọn agbẹ́gilére wa ṣe ń pe Òsì ní Òsì-Ìlọrin. Ọjọ́ kan náà yẹn ni òfin wa ṣì fi ń díwọ̀n: common law, ìyẹn òfin tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdájọ́ wọn hun láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún, pẹ̀lú àwọn òfin gbogbogbòò tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900.

Ní ti ọ̀ràn dídá, tiwa tún ya ẹ̀rín. Rékọjá ààlà sí Ọ̀tùn-Èkìtì, ẹnu Èkìtì náà ni. Àwọn àna wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé òyìnbó kà wá mọ́ Àríwá, Penal Code ni wọ́n fún wa. Ìjọba Àríwá ṣe é ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1960, ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú òmìnira. Láti Sudan ni wọ́n ti mú un, Sudan mú tirẹ̀ láti Íńdíà, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é ní 1860. Criminal Code tí àwọn ará Ọ̀tùn bá wọ òmìnira, Queensland ní Australia ni orísun tirẹ̀. Ká ní ọ̀pẹ kan ṣẹ́ lu ààlà, Íńdíà máa dá ẹjọ́ ìdí rẹ̀, Australia máa dá ẹjọ́ orí rẹ̀. Onílé nìkan ni wọn kò bi léèrè.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí òfin onílé? Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ẹni tó bá sọ pé àṣà kan wà ni kó fi ẹ̀rí gbé e dìde ní ilé-ẹjọ́ gíga, àfi bí ilé-ẹjọ́ bá ti mọ̀ ọ́n nínú ẹjọ́ ìṣáájú. Ẹ ronú sí i. Bí lọ́yà bá dúró ní Òmù-Àrán tó sọ ohun tí adájọ́ kan ní London sọ lọ́gọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò ní láti mú ẹlẹ́rìí wá. Adájọ́ mọ̀ ọ́n. Bí Bàbá bá sọ pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ni ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni igi orí rẹ̀, wọ́n máa ní kó mú ẹlẹ́rìí wá kó wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì di onílé, àṣà Òkè-Ẹ̀rọ̀ di àlejò tó ń wá onídùúró.

Bẹ́ẹ̀, àwọn òyìnbó tó lójú àánú nínú wọn ti kìlọ̀ tipẹ́. Ní 1921, nígbà tí Amodu Tijani, Olóyè Oluwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá dé London, Lord Haldane kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ kí wọ́n ṣọ́ra fún fífi ọ̀rọ̀ tó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì nìkan mu ṣàlàyé bí a ṣe ń ni ilẹ̀ níbí. Ní 1962, ẹjọ́ ogún Suberu Dawodu, tó kú ní Èkó ní 1940, dé London náà. Adájọ́ àkọ́kọ́ ti ní kí wọ́n ka orí àwọn ọmọ, kí kálukú mú ìpín kan náà; kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní rárá, ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n fi pín in, London sì gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ wo ni àwọn adájọ́ London lò? Ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè gbé e, wọ́n sì kọ Yorùbá sílẹ̀ nínú ìdájọ́ wọn. Ayé kò parí. Ìṣákọ́lẹ̀ náà wà nínú ìwé ìdájọ́ káàkiri Nàìjíríà. Bí London bá lè pe ìdí-igi, kí ló ń di Kwárà lọ́wọ́ láti kọ “jẹ́wọ́”?

Àwọn tó ní kò lè ṣeé ṣe

Àwọn kan máa ní Kwárà kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Òótọ́ ni. Nupe wà, Bàrùbá wà, Fúlàní wà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ojúsàájú. Lọ jókòó síbi tí àgbẹ̀ Òsì àti Fúlàní darandaran bá ti ń ṣẹjọ́ lórí oko àgbàdo tí màlúù jẹ, kí o wo ojú àwọn méjèèjì nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ń lọ. Lóòótọ́, kò ṣe ojúsàájú: kò yé ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí mo ń bèèrè fún Bàbá ni mo ń bèèrè fún darandaran yẹn ní Fúlàní tirẹ̀.

Àwọn mìíràn ní adájọ́ Abuja gbọ́dọ̀ lè ka ìwé ẹjọ́ náà. Kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sí Abuja. Lókè Ọya, Haúsá ni ọ̀pọ̀ kóòtù Ṣàríà fi ń kọ àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì bí ẹjọ́ bá ń gòkè. Ẹjọ́ mélòó nínú ti agbègbè wa ló tilẹ̀ ń dé Abuja? Ṣé nítorí ẹyọ kan tó lè dé ibẹ̀ la fi máa sọ gbogbo ìyókù di adití? Tanzania jogún common law bíi tiwa, ní 2021 wọ́n ṣe òfin tó sọ Kiswahili di èdè kóòtù. Ní Wales, lábẹ́ imú Gẹ̀ẹ́sì gan-an, ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi èdè Wales rojọ́ bó tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju adájọ́ lọ. Common law kò kú níbẹ̀.

Bí ẹnìkan bá sì sọ pé kóòtù ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Area Court ti ń sọ Yorùbá, mo gbà. Ibẹ̀ a máa gbọ́ Yorùbá lẹ́nu, bí akọ̀wé bá wá mú bíró, Gẹ̀ẹ́sì ló máa kọ. Ibi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní 1362 nìyẹn gẹ́lẹ́: ẹnu ará ìlú ní èdè ìlú, ìwé ní èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Ọdún 371 ni wọ́n fi rìn láti ibẹ̀ dé 1733. Ṣé ẹ fẹ́ kí á rìn ín tó bẹ́ẹ̀?

Ohun tí mo ń bèèrè

N kò ní kí wọ́n sun ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì níná. Ohun kékeré mẹ́rin ni mo ń bèèrè.

Èkíní, kí kóòtù gbogbo ní Kwárà máa kọ ìdáhùn olùjẹ́jọ́ sí ẹ̀sùn sílẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́, kí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlà kan ni. Bíró kan náà ni.

Èkejì, kí iṣẹ́ ògbufọ̀ kúrò lọ́wọ́ akọ̀wé tó ń sáré wá oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn yunifásítì wa ní ẹ̀ka òfin, wọ́n ní ẹ̀ka èdè. Kí àwọn méjèèjì jókòó papọ̀, kí wọ́n kọ́ ògbufọ̀ kóòtù, kí wọ́n sì fún un níwèé ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta, abala 97 ìwé òfin gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti máa fi èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Kí àwọn tá a dìbò fún ní Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ dìde kí wọ́n bèèrè rẹ̀. Bí òfin bá ní ẹnu Yorùbá láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, kóòtù kò ní rí àwáwí wí.

Ẹ̀kẹrin kàn wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka òfin, bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ mú ọ̀rọ̀ ogún péré nínú ohun tí wọ́n kọ́ yín, ẹ lọ jókòó ti bàbá àti ìyá yín àgbà, ẹ ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn ń pè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ síbí. A ó máa gbé e jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde tẹ́ ẹ ti di lọ́yà ńkọ́? Ẹ dúró fún àgbàlagbà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún un pé kó má ṣe sọ “mo jẹ̀bi” títí yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bàbá àti oníkaṣú kì í kí ara wọn mọ́ lónìí, bẹ́ẹ̀, nínú yàrá yẹn, àwọn méjèèjì ló jókòó bí aláìgbọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ yẹn, kí ẹnì kan bi wọ́n léèrè pé ta ló gbin ọ̀pẹ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí sí ìdí ẹyìn méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, Bàbá tún bi mí léèrè pé, “Ọmọ mi, kí ni mo tiẹ̀ sọ níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pè mí lólè?” Mo ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, “Ṣùgbọ́n mo kàn ń bẹ̀ wọ́n ni.”

Ẹ̀yin adájọ́ ọ̀la, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.